Ẹ Bọ́ Òrùka Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kan Aláìsàn

Bí wọ́n bá fẹ́ gbé ènìyàn wọ tíátà fún iṣẹ́ abẹ, ọ̀kan nínú ohun tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ máa ń sọ fún un ni pé kí ó bọ́ gbogbo ohun ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀. Yẹtí, ṣéènì ọrùn, ẹ̀gbà ọwọ́, òrùka, títí dórí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò kó lé ẹbí lọ́wọ́ kí wọ́n tó ti bẹ́ẹ̀dì wọlé. Ìdí wà fún èyí. Irin ara lè fa ìjóná nígbà tí wọ́n bá ń lo ẹ̀rọ oníná tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ìka lè wú mọ́ òrùka, ẹ̀ṣọ́ olówó gọbọi sì lè sọnù. Aláìsàn kì í bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn kan náà ní wọ́ọ̀dù, kí ó tó wọ tíátà àti lẹ́yìn tó bá jáde. Dókítà lè fi ọwọ́ tó wọ òrùka méjì tẹ ikùn rẹ̀ wò. Nọ́ọ̀sì lè fi ọwọ́ tó so aago mọ́ ẹ̀gbà wúrà tún ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Ẹni tó wá gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò lè máa wá iṣan pẹ̀lú òrùka olókùúta lọ́wọ́. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi yé ẹ̀yin òǹkàwé ni pé ọwọ́ tí irú nǹkan wọ̀nyí wà lára rẹ̀ kò ṣe é fọ̀ dé ibi tí iṣẹ́ ìtọ́jú ń béèrè. Bíbọ́ òrùka ni ìbẹ̀rẹ̀ ọwọ́ fífọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń fọwọ́ kan aláìsàn.

Àwọn àrùn kan wà tí ènìyàn kò gbé wá sí ilé ìwòsàn, tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ló ti kó wọn. Ẹni tó wá tọ́jú ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ lè ti ibẹ̀ kó àrùn inú ẹ̀jẹ̀. Ìyá tó wá bímọ lè ti ibẹ̀ kó ibà tí ń pa abiyamọ. Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2022, wọ́n ní nínú aláìsàn 100 tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, 7 ló ń kó irú àrùn bẹ́ẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀, irú tiwa, 15 ni. Nínú mẹ́wàá tó bá kó o, ọ̀kan ń kú. Ọwọ́ olùtọ́jú sì ni ọ̀nà tó gbòòrò jù lọ tí àrùn wọ̀nyí ń gbà. Ó ti pẹ́ tí ayé ti mọ èyí. Ní ọdún 1847, dókítà kan tó ń jẹ́ Ignaz Semmelweis kíyè sí i ní ilé ìwòsàn ńlá Vienna, ní Austria, pé àwọn abiyamọ tí dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ ń gbẹ̀bí fún ń kú ju àwọn tó wà lọ́wọ́ agbẹ̀bí lọ. Àwọn dókítà náà máa ń ti ibi tí wọ́n ti ń la òkú wò bọ́ sọ́dọ̀ abiyamọ. Ní oṣù April ọdún náà, abiyamọ bíi 18 nínú 100 ló kú. Ní oṣù May, Semmelweis pàṣẹ pé kí gbogbo wọn máa fi omi oníkúlórínì, tó jẹ́ ẹbí jíìkì tí a fi ń fọ aṣọ funfun, fọ ọwọ́ kí wọ́n tó wọlé. Nígbà tó fi máa di oṣù June, iye àwọn tó ń kú ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 2 nínú 100.

Kí òrùka tó yé wa, ó yẹ kí a mọ ohun tó ń gbé lára ọwọ́. Oríṣi kòkòrò àìfojúrí méjì ló wà níbẹ̀: onílé àti àlejò. Àwọn onílé ń gbé inú awọ ara, wọn kì í sì sábà dà wá láàmú. Àwọn àlejò ni ọwọ́ ń kó láti ara aláìsàn, láti ara bẹ́ẹ̀dì, láti ara ìdìmú ilẹ̀kùn àti ike ìtọ̀, àwọn ni wọ́n sì máa ń gba ọwọ́ kan náà bọ́ sára ẹlòmíràn. Ojú awọ ni wọ́n ń jókòó sí, ìdí nìyí tí ọṣẹ àti omi, tàbí sanitáísà ọlọ́tí, fi lè mú wọn kúrò kíákíá, bí ó bá ṣáà ti kàn wọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí fífi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60, kí fífi sanitáísà pa á sì gbà tó 20 sí 30. Àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, ẹ̀yìn ìka, àtàǹpàkò àti orí ìka ni kí a fi pa, kí ó kárí. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọwọ́ ọ̀tún ní í wẹ òsì, òsì ní í wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Ṣùgbọ́n kò sí bí ọ̀tún ti lè wẹ òsì tó, kò lè wẹ ibi tí irin bò. Abẹ́ òrùka lọ́rinrin, ó móoru, ọ̀rá ara àti òkú awọ ń kó jọ síbẹ̀. Omi ọṣẹ tó bá ráyè wọbẹ̀ kì í jáde tán, èyí sì ni í mú kí awọ ibẹ̀ máa yún ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì, kí ó máa bó. Awọ tó bá bó ń fún kòkòrò ní ibi ìfarapamọ́ mìíràn, ó sì ń mú kí fífọ ọwọ́ máa ta ọlọ́wọ́ lára, tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún un.

Èyí kì í ṣe àròsọ. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1985, wọ́n yẹ awọ abẹ́ òrùka ìgbéyàwó àwọn nọ́ọ̀sì wò. Lábẹ́ òrùka 40 nínú 100 wọn ni wọ́n ti bá ẹ̀yà kòkòrò bíi Klebsiella, Acinetobacter àti Enterobacter, tí ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró, àrùn ìtọ̀ àti àrùn inú ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ kò le. Àwọn kan nínú wọn gbé irú kòkòrò kan náà kiri lábẹ́ òrùka fún ọ̀pọ̀ oṣù, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń fọ ọwọ́ lójoojúmọ́. Ní ọdún 2003, ìwádìí mìíràn jáde láti ìlú Chicago, ní Amẹ́ríkà, nípa àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Kòkòrò tó wà lára awọ tí òrùka bò tó ìlọ́po mẹ́wàá èyí tó wà níbi tí kò sí òrùka, bí òrùka tí ènìyàn wọ̀ sì ti ń pọ̀ sí i ni kòkòrò àlejò ń pọ̀ sí i lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Norway, àwọn olùwádìí yẹ ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìlera 465 wò, wọ́n sì gbé èsì wọn jáde ní ọdún 2011. Èyí kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ ju ti ìṣáájú lọ, torí òrùka kan ṣoṣo tó tẹ́jú, tí kò ní òkúta, ni wọ́n wò. Ohun tí wọ́n rí ni pé lọ́wọ́ àwọn tó wọ òrùka bẹ́ẹ̀, ó rọrùn láti bá kòkòrò tí ibùgbé rẹ̀ jẹ́ ìfun ju lọ́wọ́ àwọn tí kò wọ̀ ọ́ lọ. Aago ọwọ́ ní tirẹ̀ mú kí àpapọ̀ kòkòrò ọwọ́ pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ aago àti ẹ̀gbà yàtọ̀ díẹ̀ sí ti òrùka. Ìwádìí kan tó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2010 fi hàn pé ọrùn ọwọ́ ẹni tó so aago máa ń ní kòkòrò púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò náà kì í fi bẹ́ẹ̀ dé àtẹ́lẹwọ́ àfi bí ẹni náà bá fọwọ́ kan aago ọ̀hún. Ta ni í so aago tí kì í fọwọ́ kàn án? A ń yí i, a ń tì í sókè, a ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó so aago tàbí tó wọ ẹ̀gbà kì í fẹ́ kí omi dé ọrùn ọwọ́, ibi tí yóò ti fọ̀ ọ́ mọ ni ibi tí irin bẹ̀rẹ̀. Kí omi lè dé ọrùn ọwọ́ ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́ lónìí, fi gbé òfin kan kalẹ̀ ní oṣù September ọdún 2007, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, pé láti ìgúnpá dé orí ìka, ọwọ́ ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú aláìsàn gbọ́dọ̀ wà lófìfo: kò sí aṣọ alápá gígùn, kò sí aago, kò sí ẹ̀gbà. Òrùka ìgbéyàwó tó tẹ́jú nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda. Ní ti nọ́ọ̀sì tó ń béèrè pé kí ni òun yóò fi ka ìlù ọkàn aláìsàn, ìdáhùn rẹ̀ ti wà tipẹ́: aago kékeré tí a ń fi há àyà, tí àwọn nọ́ọ̀sì àtijọ́ mọ̀ dáadáa, tàbí aago ara ògiri tó ní ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá.

Èékánná kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ bíi wúrà, ṣùgbọ́n èékánná àlẹ̀mọ́ tó gbòde báyìí kò yàtọ̀ sí i. Láti oṣù January ọdún 1997 títí di March 1998, àrùn kan tí kòkòrò Pseudomonas ń fà wọ inú yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tuntun tí ara wọn kò yá ní ilé ìwòsàn kan ní Oklahoma City, ní Amẹ́ríkà. Ọmọ 46 ni kòkòrò náà dé ara wọn. 16 nínú wọn kú. Nígbà tí àwọn olùwádìí tọ ipasẹ̀ rẹ̀, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì méjì kan ló kó o jù. Èékánná ọ̀kan gùn ní tirẹ̀. Èkejì lẹ èékánná gígùn mọ́ tirẹ̀. Àwọn olùwádìí náà ṣọ́ra, wọn kò sọ pé èékánná nìkan ló pa àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo ọmọ tí kò tíì pé oṣù, tí awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí rọ́bà wà ní imú rẹ̀ tí dírípù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá rò ó bóyá ó yẹ kí a fi ẹ̀mí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dán ẹ̀wà wò. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2009 ní kí òṣìṣẹ́ ìlera má ṣe lẹ èékánná rárá, kí tirẹ̀ gan-an má sì gùn ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ.

Àtakò tó lágbára jù lọ sí gbogbo èyí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ fúnra wọn. Wọ́n ní òótọ́ ni pé kòkòrò wà lábẹ́ òrùka, ṣùgbọ́n ta ló ti fi hàn pé òrùka gan-an ló kó àrùn ran aláìsàn? Ìbéèrè yìí tọ́. Àwọn tó ń ṣe àkójọ ìwádìí fún àjọ ìwádìí ìlera tí ń jẹ́ Cochrane wá gbogbo ibi tí wọ́n lè wá dé ọdún 2014, wọn kò rí ìwádìí kan tó pín òṣìṣẹ́ sí ọ̀nà méjì, àwọn kan wọ òrùka, àwọn kan bọ́ ọ, tó wá ka iye aláìsàn tí ojú iṣẹ́ abẹ wọn kẹ̀. Ní ọdún 2002, àjọ tí ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, CDC, kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ òrùka kò tíì ní ìparí. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ mọ ìdí tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ fi ṣọ̀wọ́n. Àrùn kan lè gba ọ̀nà ogún dé ara aláìsàn, kí ènìyàn tó lè ya ti òrùka sọ́tọ̀, àfi kí ó tọpa ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn. Ohun tí a ní lọ́wọ́ ni ẹ̀rí tó so kọ́ra: ọwọ́ ń gbé àrùn, òrùka ń pa kòkòrò mọ́ sára ọwọ́, ọwọ́ tó mọ́ ń dín àrùn kù. Ẹ̀rí kẹta yìí dájú. Ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Geneva, lábẹ́ Dókítà Didier Pittet, iye ìgbà tí òṣìṣẹ́ ń fọ ọwọ́ nígbà tó yẹ gòkè láti 48 nínú 100 ní ọdún 1994 dé 66 ní 1997. Aláìsàn tó ń kó àrùn nílé ìwòsàn sì lọ sílẹ̀ láti bíi 17 nínú 100 sí bíi 10 ní ọdún 1998. Bí a bá gbé ohun tí a ó pàdánù sórí ìwọ̀n, bíbọ́ òrùka kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Àrùn tí a bá kó ran ènìyàn lè ná an ní ẹ̀mí. Nígbà tí ọ̀ràn bá rí báyìí, kò yẹ kí a dúró de ẹ̀rí ìkẹyìn kí a tó ṣe ohun tó tọ́.

Àwọn mìíràn ní ìbọ̀wọ́ rọ́bà ti gba àwọn là, pé kí ni òrùka abẹ́ ìbọ̀wọ́ fẹ́ ṣe fún aláìsàn? Ìbọ̀wọ́ ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n kò rọ́pò ọwọ́ fífọ̀. Ìbọ̀wọ́ máa ń ní ihò tí ojú kò rí, òrùka tó ní òkúta tàbí tí wọ́n fín ọnà sí sì lè fà á ya láti inú. Ọwọ́ ń làágùn nínú rẹ̀, kòkòrò ń bí sí i nínú ooru náà, nígbà tí a bá sì ń bọ́ ọ, ọwọ́ tún ń kó ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún tó kí a rántí pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọ́ọ̀dù ni a kì í wọ ìbọ̀wọ́ ṣe rárá: wíwọn ibà, gbígbé aláìsàn dìde, títún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe, dídì í lọ́wọ́ mú nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á. Ọwọ́ lásán ni gbogbo ìyẹn.

Àtakò tó wọ ọkàn jù ni ti ìgbéyàwó àti ìgbàgbọ́. Ní ilẹ̀ wa, obìnrin tí òrùka kò sí níka rẹ̀ lè di ẹni tí àwọn ọkùnrin ń dà láàmú, ọkọ ilé sì lè béèrè ohun tó bọ́ ọ. Àwọn kan wọ òrùka tàbí ìfúnpá fún ààbò, wọ́n gbà pé bí ó bá kúrò lára, ìṣọ́ ti kúrò. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ro tiwọn: ìlànà ọdún 2009 rọ òṣìṣẹ́ gidigidi pé kí wọ́n má wọ ẹ̀ṣọ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n ó gbà pé níbi tí ẹ̀sìn tàbí àṣà bá ti mú ọ̀ràn náà le, a lè fàyè gba òrùka ìgbéyàwó tó tẹ́jú níbi ìtọ́jú ojoojúmọ́. Ní tíátà àti níbi tí ewu ti pọ̀, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà wá ọ̀nà àbáyọ fún àwọn ẹlẹ́sìn: ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2010 jẹ́ kí ẹlẹ́sìn Sikh ti ẹ̀gbà irin ìgbàgbọ́ rẹ̀ sókè kí ó sì dì í mọ́ apá, ó sì jẹ́ kí obìnrin Mùsùlùmí lo apá aṣọ alálòdànù lórí apá rẹ̀. Èmi gbà pé kí a bọ́ òrùka tó tẹ́jú pẹ̀lú, nítorí ohun tí ìwádìí Norway fi hàn, ṣùgbọ́n bí ẹni kan kò bá lè ṣe é, kí ó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, kí ó má ní òkúta, kí ó dẹ̀ tó láti sún, kí ó sì máa sún un ní gbogbo ìgbà tó bá ń fọ ọwọ́. Ẹni tó fẹ́ kí òrùka wà lára òun lè fi okùn ṣéènì kọ́ ọ sọ́rùn sínú aṣọ. Ìgbéyàwó kò tú nítorí pé òrùka wà lábẹ́ aṣọ fún wákàtí mẹ́jọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ yóò tún sọ pé ìṣòro tó ju òrùka lọ wà nílẹ̀, pé ẹ̀rọ omi kò yọ, ọṣẹ tán láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì méjì ló ń tọ́jú odindi wọ́ọ̀dù. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, àwọn aláṣẹ ni ó sì yẹ kó gbọ́ ọ. Ẹni tó bá pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ bọ́ òrùka láì pèsè omi kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ níbi tí omi kò ti tó, tí gbogbo ìrètí wà lórí sanitáísà ìwọ̀nba tí a rọ sí àtẹ́lẹwọ́, níbẹ̀ gan-an ni kò yẹ kí ìka kankan wà lábẹ́ ìbòrí, torí sanitáísà kì í ṣan nǹkan dànù bí omi, àfi ibi tó bá kàn ló ń ràn lọ́wọ́. Sanitáísà yìí kò sì nílò kí a máa rà á láti òkè òkun. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbé ètò bí a ṣe ń pò ó jáde: ọtí ẹ́tánọ́ọ̀lù ìdá 80 nínú 100, gílísírìnì díẹ̀ kí awọ má baà gbẹ, àti háídrójìn pẹrókísáìdì díẹ̀. Ilé oògùn tó wà nínú ilé ìwòsàn ńlá lè pò ó. Nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó ní oṣù July ọdún 2014, a rí i pé ilẹ̀ yìí lè yí ìṣe ọwọ́ padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ike omi àti sanitáísà wà lẹ́nu ọ̀nà báńkì, ilé ìwé àti ilé ìjọsìn. Ènìyàn 20 ló kó àrùn náà, 8 kú, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh sì wà lára àwọn tó fi ẹ̀mí wọn dí i. Ní ọjọ́ 20 oṣù October, wọ́n kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Ohun tí ẹ̀rù mú wa ṣe nígbà náà, ó yẹ kí òye lè mú wa ṣe é nísinsìnyí.

Ohun tó kù kò le. Kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan pèsè àpótí kékeré tó ní kọ́kọ́rọ́ fún òṣìṣẹ́, torí kò sẹ́ni tí yóò bọ́ wúrà rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì. Kí wọ́n kọ́ aago ńlá sí ògiri wọ́ọ̀dù. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè: bí ọ̀gá àgbà dókítà àti mẹ́tírọ̀nù bá wọlé pẹ̀lú ọwọ́ lófìfo, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tẹ̀ lé wọn kò ní dúró de ìwé òfin. Àwọn ẹbí tó ń wẹ aláìsàn, tó ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, tó ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, náà gbọ́dọ̀ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà wọn, torí ní ilé ìwòsàn wa ọwọ́ wọn ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Aláìsàn pẹ̀lú ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀, kò sì ní láti jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjà. “Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bọ́ òrùka yẹn, kí ẹ fọwọ́ kí ẹ tó tú ojú ọgbẹ́ yìí.” Òṣìṣẹ́ tó gbọ́ èyí kò gbọdọ̀ rí i bí àfojúdi, ẹni tó sọ ọ́ ni ọgbẹ́ wà lára rẹ̀. Ọjọ́ 5 oṣù May ọdọọdún ni ayé ń ṣe àyájọ́ ọwọ́ fífọ̀ ní ilé ìwòsàn. Èyí tó ń bọ̀ yóò wúlò ju àsọyé àti fọ́tò yíyà lọ bí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan bá ti fi ọjọ́ náà ṣe ìbẹ̀rẹ̀ òfin kan ṣoṣo: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan aláìsàn, kí ó kọ́kọ́ bọ́ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.